Ẹ̀yin tíṣà àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, kí lẹ rí he ní àpérò tẹ́ ẹ lọ gbẹ̀yìn?

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tó ní ìpèníjà, àwọn tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ wá sọ tẹnu yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àpérò dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ká dé láago mẹ́jọ, àwọn àlejò pàtàkì dé láago mọ́kànlá. Orin orílẹ̀-èdè, àdúrà, ìkíni, ìdáhùn sí ìkíni. Kó tó kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, oúnjẹ ti dé. Báàgì tí wọ́n fún wa dára ṣá o, síìpù rẹ̀ ò tíì já.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Tèmi ti já.

Bàbá_Ṣọ́ọ̀bù
Èmi kì í ṣe tíṣà o, ìyàwó mi ni. Ẹran ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Àwọn tó jókòó níwájú jẹ ẹran. Àwa tá a wà lẹ́yìn gbọ́ òórùn ẹ̀.

Àǹtí_Fúnmi_Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, nínú gbọ̀ngàn ńlá, èmi náà sùn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, wọ́n kó àwa díẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn, obìnrin kan tó ń ṣe físíò ló wà níbẹ̀. Kò gbé pírójẹ́ktọ̀ wá. Páálí Indomie, ìwé ìròyìn àtijọ́, ọ̀bẹ, okùn àti ìkòkò sítáàṣì gbígbóná ló kó sílẹ̀. Ó ní ká ṣe àga fún ọmọ tó ní CP (cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa), irú èyí tí ọrùn rẹ̀ ò dúró, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé e jókòó, ńṣe ló máa yọ̀ ṣòròṣòrò sílẹ̀.

Okùn la fi wọn ọmọ: láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń fì dirodiro, ọwọ́ rẹ̀ ò lè ríṣẹ́ ṣe, torí gbogbo agbára tó ní ló máa fi di ara rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. A gé páálí, a ń fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ lé ara wọn, ìpele lórí ìpele, a ya ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a fi bo gbogbo etí rẹ̀, a wá gbé òkúta lé e. Ó ní ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú ká tó kùn ún lọ́dà. Ó gbé èyí tó ti gbẹ jáde, ó ní kí ọkùnrin tó sanra jù nínú wa gun orí ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni gùn ún. Àga ò mì.

Mo délé, mo ṣe ọ̀kan fún ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi. Orí ẹní ló máa ń wà látàárọ̀, àjà ló máa ń wò. Ọjọ́ tá a gbé e sínú àga yẹn, tá a gbé tábìlì kékeré rẹ̀ síwájú ẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú búrẹ́dì. Ó rún un, ó dà á nù tán, ṣùgbọ́n òun ló mú un. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé èló ni mo rà á.

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin
Kí ló dé tí wọn ò gbé obìnrin yẹn sínú gbọ̀ngàn?

Àrẹ̀mú_kan
Òjò ńkọ́? Eku ńkọ́? Sítáàṣì lẹ fi lẹ̀ ẹ́, àsè lẹ sè fún eku yẹn.

Àǹtí_Fúnmi_Abẹ́òkúta
Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn la fi kùn ún, a kùn ún ní àkùntúnkùn. Omi ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀ lóòótọ́, ẹ má gbé e síta. Eku ò tíì débẹ̀. Ọmọ náà máa dàgbà jù ú, mo máa ṣe òmíràn nígbà yẹn. Páálí ò wọ́n.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣàgámù
Ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tíṣà. Pákó ni baba.

Àǹtí_Fúnmi_Abẹ́òkúta
Èló?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ṣàgámù
Ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Ìdí tá a fi ń lo páálí nìyẹn.

Akàwé_Yábàá
Kí n má ba ìdùnnú yín jẹ́ o, ṣùgbọ́n nǹkan yìí ò tuntun. Zimbabwe ni Bevill Packer ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ti pẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń gboyè jáde nínú ẹ̀kọ́ yìí láìfọwọ́ kan irú ẹ̀ rí. Sítáàṣì ò sí nínú ìdánwò.

Màmá_Tòmíwá
Òbí ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọmọ mi ní CP. Mo lọ sí ọ̀kan nínú àwọn àpérò yín l'Ékòó, wọn ò pè mí, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ tíṣà ló mú mi wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá ń sọ pé wàhálà tó wà ńlẹ̀ ni pé àwọn ìyá kì í tètè gbé ọmọ wá. Mo dìde. Mo ní sà, mo gbé tèmi wá, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. Ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí mo gbé e lọ ní kí n máa tẹ́ ẹ sínú oòrùn àárọ̀, pé á lọ. Mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Nígbà tí mo fi máa padà dé ọ̀dọ̀ wọn, gìrì ti mú un.

Ẹni tó ń darí ètò ní àkókò ti lọ, kí n jọ̀ọ́ jókòó.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Kí n jọ̀ọ́ kí ni?

Nọ́ọ̀sì_ni_mí_ṣá
Màmá Tòmíwá, ẹ kú ìfaradà. Mo bẹ̀ yín lórúkọ iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbọ́ o: oòrùn ojú fèrèsé kì í ṣe ìtọ́jú. Bílírúbìn, èròjà kan tó ń jáde nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́, ló ń mú kí ara ọmọ pupa rúsúrúsú bẹ́ẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ, ibi tó máa ń bàjẹ́ ni ti ìgbọ́ràn àti ti ìrìn. Inú ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn adití àti àwọn ọmọ CP tẹ́ ẹ ní ní kíláàsì ti wá. Iná búlúù ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, bó bá burú, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹ sì má tọ́jú aṣọ ìkókó sínú káńfọ̀! Àwọn ọmọ kan wà tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, káńfọ̀ yẹn á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn.

Àrẹ̀mú_kan
Inú káńfọ̀ ni ìyá wa kó aṣọ gbogbo wa sí, kò sóhun tó ṣe wá.

Nọ́ọ̀sì_ni_mí_ṣá
G6PD tiyín pé nìyẹn. Ẹ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Akàwé_Yábàá
Wọ́n kúkú ti lo oòrùn l'Ékòó níbí rí. Ìwádìí Tina Slusher àti Bolajoko Olusanya tó jáde ní 2015 nínú New England Journal of Medicine: wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe kan ṣe àgọ́, ọ̀rá náà ń sẹ́ èyí tó léwu kúrò nínú oòrùn, wọ́n wá tẹ́ àwọn ìkókó sábẹ́ ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, kò rẹlẹ̀ sí iná búlúù. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ wọn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kì í ṣe oòrùn ẹ̀yìnkùlé.

Màmá_Tòmíwá
Ẹ ti sọ ọ́ di kíláàsì. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n jókòó. Tíṣà, dókítà, kọmíṣọ́nnà, gbogbo wọn sọ̀rọ̀ nípa ọmọ mi.

Ṣadé_Houston
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Amẹ́ríkà, DEC, àjọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tó ní ìpèníjà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, máa ń ṣe àpérò tiwọn, òbí sì máa ń wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Òfin ti 1986 ló mú kí wọ́n máa tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá bí i, ilé ni olùkọ́ máa ń lọ bá a. Wọn ò lè kọ ètò ọmọ láìsí òbí ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àpérò wọn ga o, ẹlòmíì ò lọ.

Àrẹ̀mú_kan
Àǹtí Ṣadé ti mú Amẹ́ríkà dé.

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin
Àwa náà lófin tó wà fún àwọn tó ní ìpèníjà. Buhari buwọ́ lù ú ní January 2019, wọ́n ní kí gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ṣeé wọ̀ fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ láàárín ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún ti pé ní 2024. Gbọ̀ngàn tá a lò yìí, àtẹ̀gùn ni títí dókè. Wọ́n gbé ọkùnrin kan tó fẹ́ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gòkè tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Dáre_Ọlọ́wọ́
Adití ni mí, àwọn adití kéékèèké ni mò ń kọ́. Níbi tèmi, wọ́n mú ògbufọ̀ wá, mo dúpẹ́. Wọ́n wá pa iná nítorí pírójẹ́ktọ̀. Mi ò rí ọwọ́ rẹ̀ mọ́! Arákùnrin yẹn tan iná fóònù ẹ̀, ó fọwọ́ kan tan án sí èkejì, ọwọ́ kan ló wá kù tó ń fi bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá_Ṣọ́ọ̀bù
Ọwọ́ kan! Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín.

Dáre_Ọlọ́wọ́
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni "ọmọ, ìjọba, ọmọ, ọmọ, ìjọba". Andrew Foster tó jẹ́ adití dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, wọ́n ṣì ń pa iná mọ́ wa lójú.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Kí n tó gbàgbé, ṣé èmi nìkan ni? Ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa yọ owó àpérò nínú owó oṣù mi, ó wá gba sètífíkéètì mi, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì ara rẹ̀.

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin
Orúkọ ta ló wà lára ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Orúkọ mi! Àwọn òbí ń wọlé, wọ́n ń kí i kú oríire.

Màmá_Tòmíwá
Àǹtí Fúnmi, Tòmíwá ti pé ọdún méje, ó wúwo díẹ̀. Ṣé páálí á gbé e?

Àǹtí_Fúnmi_Abẹ́òkúta
Á gbé e, mà. Ọ̀gbẹ́ni tó gùn ún níjọ́sí ju ọmọ ọdún méje lọ fíìfíì. A kàn máa fi ìpele kún un ni. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ṣàlàyé, ẹ wọn ìbú ìdí rẹ̀ náà, kí àga má fún un. Ẹ jẹ́ kí onífísíò rẹ̀ wà níbẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sínú ẹ̀.

Bàbá_Ṣọ́ọ̀bù
Páálí ti kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Ìpájà, ìyàwó mi ti ní kí n kó o dànù. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá kó o kó tó di Sátidé.