Èsúsú ló jẹ́ kí n mọ̀ pé títò hash map kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré

Lórí ọ̀rọ̀ bóyá ó yẹ kéèyàn ka títò hash map sí, ìyẹn ibi tí ètò kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń wá a, èmi náà ní tèmi láti sọ. Àǹtí mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Odò-Ògbè, Ilé-Ifẹ̀ níbí, àwọn ni wọ́n ń gba èsúsú ìsọ̀ wọn. Èèyàn 12, ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan á kó ₦60,000. Wọ́n ti ṣẹ́ ìbò: Ìyá elépo, oníkáàdì 14, ló mú ìkíní, oníkáàdì 9 tẹ̀lé e, oníkáàdì 2 ló kángun.

Mo fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ JavaScript kọ ètò kékeré kan fún wọn. Mo kó orúkọ sínú object, èyí tí a máa ń lò bíi hash map níbẹ̀, nọ́ńbà káàdì ni mo fi ṣe kọ́kọ́rọ́, mo sì kó wọn sí i bí ìbò ṣe mú wọn. Mo tẹ ìwé jáde, àfi oníkáàdì 2 lókè téńté. Àǹtí mi wo ìwé, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló gbé ẹni ìkẹyìn wá síwájú?" Àyà mi já. Ẹni tí owó kàn lọ́sẹ̀ yìí lè ti gba ọjà àwìn sílẹ̀ nítorí owó náà. Tí títò náà bá yí, ìjà ni, olè ni wọ́n sì máa pe ẹni tó ń gba owó.

Ohun tó fà á nìyí: tí kọ́kọ́rọ́ object bá jẹ́ odidi nọ́ńbà, JavaScript máa ń tò ó láti kékeré sí ńlá, ìgbà yòówù kó wọlé. Àwọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀lé bí wọ́n ṣe wọlé. Ká ní "K14" ni mo kọ ni, àṣìṣe yẹn ì bá má hàn.

Mo gbé e lọ sí Map, hash map gan-an ti JavaScript, ìyẹn ń tẹ̀lé bí nǹkan ṣe wọlé. Mo yí nọ́ńbà fóònù oníkáàdì 9 padà, kò kúrò ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ tí mo tún un kọ bọ́ sẹ́yìn gbogbo wọn. Àǹtí mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ: ẹni tó jáde tó tún padà, ẹ̀yìn ló ń tò sí.

Àbúrò mi tó ń kọ Go, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ní Iléṣà kò tilẹ̀ gbójú lé títò kankan, torí Go máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da títò map rú kí ẹnikẹ́ni má bàa fọkàn tán an. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Dict, hash map ti èdè Python, ti ń tẹ̀lé ìwọlé láti ẹ̀dà 3.6 ní 2016, àmọ́ ẹ̀dà 3.7 ní 2018 ni wọ́n tó fi ṣe àdéhùn. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni indexmap, irú hash map kan fún èdè Rust: àṣẹ ìyọkúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ swap_remove á gbé ẹni ìkẹyìn sí àyè ẹni tó jáde. Kí Ìyá elépo ṣáà yọwọ́, oníkáàdì 2 tún ti dókè nìyẹn! Àṣẹ kejì, shift_remove, ló ń sún àwọn tó kù síwájú lẹ́sẹẹsẹ, bó tilẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀.

Ní báyìí, mo ń kọ ipò ìbò, 1 dé 12, mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, òun ni mo sì fi ń tò wọ́n kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àǹtí mi ṣì ń fi bírò sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, látòkè délẹ̀, kí wọ́n tó tú owó.