Ìfikùnlukùn ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa. Lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìtàn tí a ń wá Yorùbá fún, mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa, pé kí a máa pe ètò tí àwọn alágbára Yúróòpù gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ogun Napoleon ọba Faransé ní "Ẹgbẹ́ Akọrin Yúróòpù", nítorí pé concert ni àwọn Faransé pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a gbà á bẹ́ẹ̀. Orin kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ níbẹ̀. Kí àwọn ènìyàn jọ gbìmọ̀, kí ohùn wọn ṣọ̀kan kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀, ohun tí àwọn aṣojú ọba ń fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ nìyẹn. Yorùbá sì ti ní tirẹ̀ tipẹ́: ìfikùnlukùn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1815, Gẹ̀ẹ́sì, Austria, Prọ́ṣíà (ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì) àti Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Paris. Abala kẹfà rẹ̀ ní kí àwọn ọba fúnra wọn, tàbí àwọn mínísítà wọn, máa pàdé lásìkò tí wọ́n bá dá, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ìsinmi àti aásìkí àwọn orílẹ̀-èdè wò. Nígbà tí wọ́n pàdé ní ìlú Aix-la-Chapelle lọ́dún 1818, wọ́n gbà pé kí àwọn ọmọ ogun tó jókòó sílẹ̀ Faransé máa lọ ilé, bẹ́ẹ̀ ọdún márùn-ún ni àdéhùn kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún wọn láti fi jókòó níbẹ̀. Wọ́n sì fa Faransé wọ inú ìgbìmọ̀. Ọ̀tá àná jókòó ti àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n jọ ń fikùn lukùn. Ọ̀rọ̀ wo la tún ń wá?

"Ìdọ́gba agbára" tí àǹtí wa dá lábàá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní balance of power kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì dọ́gba ní Àpérò Vienna, níbi tí àwọn alágbára náà ti pín ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni kí ẹnikẹ́ni má wúwo débi tí yóò fi tẹ àwọn tó kù rì. Nígbà tí Alexander ọba Rọ́ṣíà fẹ́ gba Poland, tí Prọ́ṣíà sì fẹ́ gbé Saxony, ìjọba Jámánì mìíràn, mì lódidi, Castlereagh ti Gẹ̀ẹ́sì, Metternich ti Austria àti Talleyrand ti Faransé tọwọ́ bọ àdéhùn ìkọ̀kọ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1815, pé bí ó bá di ogun, àwọn jọ máa jà á ni. Nígbẹ̀yìn, ilẹ̀ tí bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn ará Saxony ń gbé ni Prọ́ṣíà rí gbà. Bù kúrò níhìn-ín, fi kún ti ọ̀hún: wọ́n wọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún, wọ́n wọ̀n ọ́n sósì. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì agbára ni mo fara mọ́.

Ibi tó ṣòro fún mi ni "ìsinmi" (repos ní Faransé) inú abala kẹfà yẹn. Àwọn kan nínú wa ti pè é ní àlàáfíà. Àlàáfíà tóbi jù ú lọ. Ara líle àti ọkàn tó balẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ ilé ìwé kan gún òǹkọ̀wé Kotzebue pa lọ́dún 1819, àwọn ìjọba ilẹ̀ Jámánì ṣòfin ní Carlsbad: ìwé tí kò bá tó 320 ojú ewé kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ìjọba kà á, wọ́n fi alámòójútó sí yunifásítì, wọ́n tú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká. Ní Vienna, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi òde sílẹ̀, wọ́n kó orin wọlé. Inú pálọ̀ ọ̀rẹ́ ni orin Schubert, ọmọ Vienna tó ń kọ orin sílẹ̀, ti kọ́kọ́ dún, síbẹ̀ ọlọ́pàá mú òun náà lọ́dún 1820 pẹ̀lú Senn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n tètè tú Schubert sílẹ̀. Senn lo ju ọdún kan lọ látìmọ́lé. Ìdákẹ́jẹ́ ni n óò pe ìyẹn. Ìlú tí ìbọn ti dákẹ́, ó dákẹ́ jẹ́, ẹni tí wọ́n ní kó panu mọ́ náà dákẹ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì.

Ẹnìkan bi wá pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Vienna. Ó kàn wá gan-an. Ibẹ̀ ni Potogí ti gbà, ní oṣù Kìíní ọdún 1815, láti jáwọ́ nínú òwò ẹrú ní àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì; àdéhùn 1817 sì fún ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti tú ọkọ̀ wọn wò. Lọ́dún 1822, ọkọ̀ Potogí kan tó kó ẹrú bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí a mọ̀ sí Crowther, wà nínú rẹ̀. Òun ló ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1843.

Kí ẹni tó ń tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ wa jọ̀ọ́ kọ ìfikùnlukùn àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì agbára sílẹ̀ fún ìbò. Kó fi ìdákẹ́jẹ́ dúró ná. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀bú bóyá ẹ̀ka èdè tiwọn ya ìdákẹ́ ẹni tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdákẹ́ ẹni tẹ́rù ń bà.