Ó lo oògùn pírósítéètì fún ọjọ́ 5, ìrora tún padà

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkùnrin ẹni ọdún 46 kan ń tọ̀ léraléra, ìtọ̀ ń ta á, ìrora sì wà láàárín kórópọ̀n àti ihò ìdí. Ibà mú un, òtútù sì ń gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ pírósítéètì rẹ̀. Ó lo ciprofloxacin (cipro), oògùn tó ń pa kòkòrò, fún ọjọ́ 5, ara tù ú, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 ìrora padà. PSA rẹ̀, ìyẹn èròjà tí pírósítéètì ń ṣe tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, jáde ní 11, ó sì ga. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé kó tún ra oògùn kan náà ni?

Apòògùn: Ọjọ́ 5 kò tó rárá. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni pírósítéètì wà, kò ju kóró àsálà lọ, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Oògùn kì í rọrùn láti ráyè wọnú rẹ̀. Nitrofurantoin tí wọ́n ń lò fún àrùn ìtọ̀, inú ìtọ̀ ló ń dúró sí, kò lè dé ibẹ̀. Cipro ń dé ibẹ̀: 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni dókítà sábà máa ń kọ, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 bí àìsàn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 bó bá ti pẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé ibà á kọ́kọ́ lọ, ẹni náà á gbà pé ó ti parí, á pa oògùn tì. Kòkòrò tó ṣẹ́ kù ló ń padà hù.

Kò gbọdọ̀ fi mílíìkì gbé cipro mì o, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ oògùn inú tó ní magnesium tàbí calcium, torí wọ́n ń dì í mú kó má wọ ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kó dáwọ́ oògùn náà dúró, kó sì rí dókítà lójú ẹsẹ̀.

Onímọ̀ láàbù: Kó tó ra ohunkóhun, ìtọ̀ ni kó gbé wá. Kó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kó gbe ti àárín sínú ìgò tí kò ní kòkòrò, kó dé láàbù láàárín wákàtí kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó gbé e sí fíríìjì. A ó jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ hù, a ó sì fi oògùn oríṣiríṣi dán an wò ká mọ èyí tó ń pa á. E. coli, kòkòrò tó ń gbé inú ìfun, la sábà máa ń rí. Bó bá ti gbé oògùn mì kó tó tọ̀, kòkòrò lè kọ̀ láti hù, èsì á sì tàn wá.

Àyẹ̀wò chlamydia àti àtọ̀sí, àwọn àrùn tí ìbálòpọ̀ ń tàn, yàtọ̀ o: ìtọ̀ àkọ́kọ́ gan-an la nílò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí ṣe.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. PSA yẹn ńkọ́?

Dókítà ọ̀nà ìtọ̀: Ẹ fi ọkàn balẹ̀ ná. Bí pírósítéètì bá wú, PSA á máa jò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kó parí oògùn, kó dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kó tún un ṣe. Bó bá ṣì ga, ìgbà náà la ó máa wá ìdí mìíràn.

Nígbà tí ibà bá ṣì wà lára, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ pa pírósítéètì lára. Ó lè ti kòkòrò wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dí pátápátá, tàbí ó ń bì, tàbí ó ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Bí kòkòrò kò bá sì hù, tí ìrora ti kọjá oṣù 3, ẹ má fún un ní cipro mọ́. Ọ̀pọ̀ ìrora pírósítéètì tó pẹ́ kì í ṣe ti kòkòrò. Iṣan ìsàlẹ̀ ìdí tó le gan-an ló wà nídìí òmíràn. Tamsulosin 0.4 mg, oògùn tó ń dẹ iṣan pírósítéètì kí ìtọ̀ lè jáde, lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti jíjókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Olùbéèrè: Ṣé ìyàwó rẹ̀ lè kó o?

Dókítà ọ̀nà ìtọ̀: Bó bá jẹ́ E. coli, rárá. Bó bá jẹ́ àtọ̀sí tàbí chlamydia, àwọn méjèèjì ló máa gba ìtọ́jú pa pọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ bá ara wọn lò pọ̀ títí ọjọ́ 7 á fi kọjá lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá parí oògùn.