Ìdáhùn rèé: ayò ṣẹ́ẹ̀sì yẹn ti parí

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ọ̀ta. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ní kí funfun ta, kó sì pa ọba dúdú, ìyẹn ni pé kó lé e títí kò fi ní ríbi sá sí mọ́. Lẹ́tà ń tọ́ka sí òpó ojú pátákó ayò, nọ́ńbà sì ń tọ́ka sí ìlà rẹ̀. Funfun: ọba g1, ayaba c4, ẹṣin g5, pọ́ọ̀nù (ọmọ ogun kékeré) f2, g2, h2. Dúdú: ọba h8, ayaba b2, róòkù (ilé ìṣọ́) d8, pọ́ọ̀nù g7, h7.

Àwọn kan ní kí ayaba bọ́ sí g8 lójú ẹsẹ̀. Rárá o, ọba á kàn jẹ ẹ́ ni. Ẹṣin ló máa kọ́kọ́ fò sí f7, ọba á sá sí g8. Ibí yìí ni róòkù d8 ti máa ń wọni lójú, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ gbé ẹṣin sí h6. Ẹṣin ń lé ọba, ayaba náà ń lé e, nítorí náà pọ́ọ̀nù g7 ò rí ẹṣin jẹ, torí ayaba á ṣì máa lé ọba. Bí ọba bá sá sí f8, ayaba á pa á ní f7. Bó bá padà sí h8, ìgbà yẹn gan-an layaba á wá fi ara rẹ̀ rúbọ ní g8. Ẹṣin h6 ń ṣọ́ ibẹ̀, ọba ò lè fọwọ́ kàn án. Róòkù ló máa jẹ ẹ́, á sì dínà mọ́ ọba tirẹ̀ ní igun. Ẹṣin padà sí f7, ọba kú.

Lucena ará Sípéènì ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1497, síbẹ̀ orúkọ Philidor, ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì ará Faransé tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n fi ń pè é. Ìyẹn ò tọ́ lójú tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí h6, ẹ kú ojú! Mo ti ti ìbéèrè yìí pa.