Ọmọ ológbò mẹ́rin lẹ́yìnkùlé wa: ta ni mo lè fún tí ọkàn mi á balẹ̀?

Ìyá Dúró, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ológbò kan tí kò ní olówó bímọ sáàárín búlọ́ọ̀kù tí bàbá onílé wa tò jọ sẹ́yìn sókàwéè. Mẹ́rin ni wọ́n. Méjì dúdú kirikiri, ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta lára, funfun, dúdú àti àwọ̀ ọsàn, èyí tó kù rí bí eérú bíi ti ìyá rẹ̀. Ojú wọn ti là, ẹyinjú wọn ṣì jẹ́ búlúù, etí wọn ti dúró. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n máa ń jáde rìn, ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n. Ìyá wọn ṣì ń fún wọn lọ́mú. Tí mo bá gbé abọ́ ẹja sílẹ̀ fún un, òkèèrè ló máa dúró sí títí n ó fi wọlé kó tó wá jẹ ẹ́.

Bàbá onílé ní àwọn ò fẹ́ rí wọn níbẹ̀ mọ́ tí oṣù yìí bá parí. Ẹ̀rù àwọn dúdú yẹn ń ba ìyàwó wọn, wọ́n ní ológbò dúdú kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ti fẹ́ pe ọmọkùnrin kan tó máa ń kó ológbò sínú àpò sìmẹ́ǹtì lọ dà sọ́jà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n ni wọ́n fi fún mi láyè díẹ̀.

Mo gbé àwòrán wọn sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp mi, kí ọ̀sán tó pọ́n àwọn èèyàn ti ń béèrè. Ẹnì kan ní dúdú nìkan lòun fẹ́, kò sì gbọdọ̀ ní àmì funfun kankan lára, òun á fowó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹlòmíì fẹ́ kí ọmọ òun ọlọ́dún méjì máa fi ọ̀kan ṣeré. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó máa tọ́jú wọn lóòótọ́? Ṣé kí n gbowó ni, àbí kí n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé mo sì lè máa fún wọn ní mílíìkì kí ara wọn tètè le?

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, mà. Pẹ̀lú etí tó ti dúró àti ìrìn tí ẹ ṣàlàyé yẹn, wọ́n á tó bí ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni o. Ó kéré tán, kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 8 lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá wọn ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọn ò ṣe ní máa bu ẹni jẹ tí wọ́n bá ń ṣeré, àti bí wọ́n ṣe ń bo ìgbẹ́ wọn mọ́lẹ̀.

Mílíìkì alágolo, rárá. Mílíìkì màlúù máa ń ṣu wọ́n nígbẹ̀ẹ́ gbuuru, omi ara wọn á gbẹ, ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ sì lè kú ní ọjọ́ kan péré. Ìyá wọn ni kí ẹ máa bọ́ yó, òun ló máa bọ́ wọn. Ní báyìí, ẹ ti lè máa se ẹja ṣáwá, kí ẹ yọ gbogbo egungun rẹ̀, kí ẹ fi omi rẹ̀ lọ̀ ọ́ kó rọ̀ bí ògì, kí ẹ gbé e sínú àwo pẹlẹbẹ. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà níbẹ̀. Májèlé ni àlùbọ́sà fún ológbò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ rèé: láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 ni ọmọ ológbò ń pinnu bóyá èèyàn jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá. Tí ẹ bá fi wọ́n sáàárín búlọ́ọ̀kù yẹn títí wọ́n fi pé oṣù mẹ́ta, igbó ni wọ́n máa sá lọ, ẹni tí ẹ bá sì fún kò ní lè fọwọ́ kàn wọ́n. Torí náà, lójoojúmọ́, nígbà tí ìyá wọn bá jáde, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gbé wọn lé ẹsẹ̀, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá ń fùn, tó ń ṣe hááá sí yín, òun gan-an ló nílò rẹ̀ jù.

Oògùn aràn ti yá. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọ̀n wọ́n kó tó fún wọn, kí wọ́n sì tún un lò ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì títí wọ́n á fi pé ọ̀sẹ̀ 8. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ti dìgbòlugi máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá pé bí oṣù mẹ́ta. Ẹ má fi oògùn eégbọn ajá pa wọ́n lára, ẹ má fi Izal wẹ̀ wọ́n, ẹ má sì fún wọn ní pàrásítámọ́ọ̀lù láé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè pa ológbò, kódà bó kéré.

Aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, abo ni. Agbára káká la fi ń rí akọ nínú wọn.

Alájà Onírẹsì, ọjà Bódìjà

Ìyá Dúró, ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n rù wọ́n lọ sọ́jà. Èmi ń wá ológbò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa tá à ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, eku ni ọ̀tá wa, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìròyìn ibà Lassa bá tún dé láti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Inú oúnjẹ tí gbogbo ìlú ń jẹ ni eku ń tọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wá gba ológbò lọ́wọ́ yín nítorí eku, ẹ bi í pé kí ló fi ń pa eku tẹ́lẹ̀. Tó bá ní oògùn eku ni, tí kò sì ṣetán láti fi í sílẹ̀, ẹ má fún un. Ológbò mi àkọ́kọ́, ẹ̀yìn àpò ẹ̀wà ni mo ti bá a, ìfófòó bò ó lẹ́nu, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù kejì ló ká oògùn sílẹ̀, eku jẹ ẹ́, ológbò mi jẹ eku. Kò débi tá a máa gbé e lọ. Látìgbà náà, gbogbo wa ní láìnì wa ti jọ fẹnu kò, kò sẹ́ni tó ń lo oògùn eku mọ́, igbá páńpẹ́ la fi ń kún ti ológbò lọ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tí ebi bá pa ológbò ló máa pa eku dáadáa. Irọ́ ni. Ológbò tó yó ló lágbára láti ṣọdẹ, òun náà ni kì í ṣáko lọ wá oúnjẹ kiri.

Tí wọ́n bá ti tó gbà, màá mú aláwọ̀ mẹ́ta àti dúdú kan. Méjì papọ̀ ni mo fẹ́, kí wọ́n lè máa bára wọn ṣeré lóru tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ṣakí

Àǹtí mi, ẹni tó ní dúdú nìkan, tí kò gbọdọ̀ ní àmì, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ẹ̀ ṣe. Ẹ yọ àwòrán àwọn dúdú yẹn kúrò lórí státọ́ọ̀sì. Ẹnu ẹni tí ẹ mọ̀ àti ẹni tí ẹni tí ẹ mọ̀ bá mọ̀ ni kí ẹ máa gbà wá èèyàn.

Ní ti owó, ẹni tó bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá lè má kà á sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò nílò láti tajà. Ẹ ní kó san owó oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ fún dókítà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń ráhùn nítorí ìyẹn, tí ológbò bá ṣàìsàn ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá gbé e lẹ́nu géètì yín o. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ sílé wọn, kí ẹ jókòó, kí ẹ wo ibi tó máa sùn, kí ẹ wò ó bóyá títì ọlọ́kọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ti ọmọ ọlọ́dún méjì yẹn, ọmọ ò burú, àmọ́ ta ni àgbàlagbà tó máa ni ológbò náà? Ọmọdé á fún un lọ́rùn, ológbò á ya á léèékánná, wọ́n á sì jù ú síta.

Àǹtí Rónkẹ́, London

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é níbí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń wá ilé fún ẹran tí kò ní olówó wà níbí: Battersea ti wà láti 1860, Cats Protection láti 1927, síbẹ̀ ìbéèrè ni wọ́n á fi pàdé ẹ kó o tó gbé ológbò kankan: ta ló wà nílé, ṣé onílé rẹ gbà, ta ló máa bọ́ ọ tó o bá rìnrìn àjò? Tó bá wá sú ẹ, ọ̀dọ̀ wọn ni kó o dá a padà sí, o ò gbọdọ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìdápadà yìí sórí ìwé kékeré, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ ayálégbé ni, ẹ bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra yín.

Àáfà Ganíyù

Ṣé Mùsùlùmí ni bàbá onílé yín?

Ìyá Dúró

Bẹ́ẹ̀ ni sà, wọn kì í fi àsùbáà ṣeré.

Àáfà Ganíyù

Ẹ rán wọn létí Abu Huraira, sàhábà Ànábì, nígbà náà. Ọmọ ológbò tó ń gbé kiri ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, tó túmọ̀ sí bàbá ọmọ ológbò, ó sì wà lára àwọn tó ròyìn hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, jù lọ. Wọ́n mọ hádíìsì obìnrin tó wọná nítorí ológbò tó dè mọ́lẹ̀ láìbọ́ náà. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti yọ dúdú sọ́tọ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Àgbàlagbà tí a bá fi ọ̀wọ̀ bi léèrè máa ń rọ̀.

Ìyàwó Tuntun, Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ó wù mí kí n gba aláwọ̀ eérú yẹn, ṣùgbọ́n mo lóyún, ìyá ọkọ mi ní ológbò máa ń ba oyún jẹ́.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ìyàwó wa, Ọlọ́run á sọ̀ yín láyọ̀. Ìyá ò parọ́ tán: kòkòrò kan wà nínú ìgbẹ́ ológbò tó lè pa ọmọ inú lára. Àmọ́ ó tó ọjọ́ kan, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ológbò bá ti yàgbẹ́ kí kòkòrò náà tó lè ran èèyàn. Tí ẹlòmíì bá ń kó yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí dànù lójoojúmọ́, ewu náà kéré gan-an. Ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí a ò fọ̀ dáadáa náà lè kó o ran yín, ẹ ṣọ́ra fún wọn. Tí kò bá sí ẹni tó máa bá yín kó yanrìn, ẹ ní sùúrù dìgbà tí ẹ bá bímọ.

Ìyá Dúró

Ẹ ṣeun gan-an. Mo bá bàbá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àsùbáà bí Àáfà ṣe wí. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n á fi tó gbé, ṣùgbọ́n ìyá wọn ò gbọdọ̀ bí òmíràn síbẹ̀. Mo ti yọ àwòrán àwọn dúdú kúrò. Kí ni mo wá lè ṣe sí ti ìyá yìí? Kò gbà kí èèyàn sún mọ́ òun.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni bàbá sọ. Bó ṣe ń fọ́mọ lọ́mú yẹn, ó ti lè lóyún mìíràn, oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì máa fi gbé e. Àwọn abo inú ọmọ rẹ̀ náà lè lóyún láti oṣù mẹ́rin. Tí àwọn ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, tí ọmú rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, wọn ò jìnnà sí yín.

Ẹ má fọwọ́ gbá a mú. Láti ìsinsìnyí, inú àgò adìẹ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ fi okùn fa ilẹ̀kùn náà dé láti òkèèrè, kí ẹ da aṣọ dúdú bò ó, ara rẹ̀ á balẹ̀. Tó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Alájà Onírẹsì, ọjà Bódìjà

Àgò wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, onírin ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì dúró dáadáa. Màá fi rán ọmọ mi sí yín lọ́jọ́ Àìkú. Tí ẹ bá mọ iye tí wọ́n máa gbà fún iṣẹ́ abẹ náà, ẹ sọ fún mi, èmi á san ìdajì.