Ta ló ri TNT sábẹ́ ìdíkọ̀ rélùwéè àwọn Ọ̀fà? Ẹ bá mi dá sí i

Àǹtí Òkè-Odó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tó bá ti tọ́jú server Minecraft rí (ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jọ ṣe géèmù tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé), ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn ọmọ yìí ti fẹ́ sọ eré di ogun mọ́ mi lọ́wọ́.

Òkè-Odó ní Tanke ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń wá tẹ iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ mi ló dá a lábàá pé ká dáwó jọ, ká fi yá server. Ọ̀dọ̀ mi lowó ń wọlé sí lóṣooṣù, èmi ni mò ń san án, èmi náà ni mo ní àṣẹ lórí rẹ̀. Java, irú ti orí kọ̀ǹpútà, ni, àmọ́ a fi Geyser àti Floodgate sí i kí àwọn tó ń lo fóònù lè wọlé, torí àwọn ló pọ̀ jù nínú wa. Ẹni tó bá fi fóònù wọlé, àmì ìdánudúró kan máa ń wà níwájú orúkọ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ló fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìlọrin tẹ̀dó sí etí odò. Àwọn ọmọ Ọ̀fà, tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ Poly ibẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn, gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó kọjú sí wọn. Ìdíje wọn dùn ún wò. Àwọn Ìlọrin mọ ẹṣin ràbàtà kan sẹ́nu ibodè, ẹni tó gùn ún gbé ọ̀kọ̀ dání, wọ́n wá kọ ọ́ sára pátákó pé: "Ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀." Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí táwọn Ọ̀fà fi mọ gbàgede kan, wọ́n to òǹwòran yí i ká, wọ́n kọ "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" sókè rẹ̀ gàdàgbà. Ìlọrin tún mọ mọ́ṣáláṣí lé e, pẹ̀lú òrùlé roboto, èyí tó ṣòro gan-an láti fi búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin mọ. Ìgbà náà ni Ọ̀fà gbé ìdíkọ̀ rélùwéè kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìdíkọ̀ yìí, torí àwọn tí kò mọ géèmù yìí lè rò pé bọ́tìnì lásán ni wọ́n tẹ̀. Irin mẹ́fà àti igi kan ló ń di ojú irin 16. Irú èyí tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ fúnra rẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: wúrà mẹ́fà, igi kan àti ìyẹ̀fun redstone ló ń mú mẹ́fà péré jáde. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wa gbogbo rẹ̀, títí ojú irin náà fi gba ẹ̀yìn òkè lọ. Ọmọ JSS 2 kan wà nínú wọn, òun ló to gbogbo fèrèsé àti ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Fóònù ìyá rẹ̀ ló ń lò, ó dìgbà tí ìyá bá ti ọjà dé kó tó rí i lò. Bó ṣe fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ ṣe é nìyẹn.

Lálẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹnì kan ri TNT, búlọ́ọ̀kù tó ń bú gbàù, sábẹ́ ibẹ̀, ó ṣáná sí i. Ògiri ló ṣẹ́ kù lápá kan, kòtò ni ìyókù. Mo ní CoreProtect lórí server, tó ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá tò tàbí tó wó sílẹ̀. Mo yẹ ojú ibẹ̀ wò, "#tnt" ni mo rí níbi gbogbo, mi ò rí orúkọ èèyàn kankan.

Àwọn Ọ̀fà ní Ìlọrin ló ṣe é, torí àwọn nìkan ló ní ibi tí wọ́n ti ń pa creeper, ẹ̀dá inú géèmù tí wọ́n ń rí ẹ̀tù TNT lára rẹ̀. Ìlọrin ń búra. Ọ̀rọ̀ ti wọ WhatsApp. Ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀fà mú ogun Jálumi 1878 wọ̀ ọ́, ó ní ṣé odò Ọ̀tìn ò kọ́ baba àwọn Ìlọrin lọ́gbọ́n tó ni. Ará Ìlọrin kan fún un lésì, ó ní kó lọ bi àwọn baba rẹ̀ bí ebi ṣe rí nígbà tí ogun dó ti ìlú wọn. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nígbà tí mo kà á. Ní báyìí, Ọ̀fà láwọn ò ní san owó oṣù yìí àfi tí mo bá lé àwọn mẹ́rin kan tí wọ́n dárúkọ. Ìlọrin ní tí mo bá lé ẹnì kan láìsí ẹ̀rí, gbogbo àwọn ló ń lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni náà gan-an? Ṣé kí n dá ayé náà padà sí bó ṣe wà ṣáájú Jímọ̀ ni? Mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn rò pé ohun tó bá fi sùúrù kọ́, ẹni tó bá wù ú ló lè fọ́ ọ.

---

Alátùn-únṣe Gáà Akanbí:

Àǹtí, ẹ kú làálàá o. Ẹ má dá gbogbo ayé padà rárá. Tí ẹ bá gbé backup (ẹ̀dà ayé náà tí ẹ tọ́jú) Ọjọ́bọ̀ lé e, gbogbo ohun tí àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ti kọ́ láti Jímọ̀ wá ló máa lọ, ìjà á wá di ti gbogbo ìlú.

Ìdí tí ẹ fi ń rí "#tnt" ni pé ìbúgbàù ni CoreProtect ka ìwólulẹ̀ yẹn sí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí TNT tó bú, ẹnì kan ti kọ́kọ́ fọwọ́ tò ó. Títò yẹn wà lábẹ́ orúkọ onítọ̀hún. Ẹ dúró sáàárín kòtò náà, kí ẹ tẹ:

/co lookup a:+block i:tnt t:7d r:80

Orúkọ á jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tọpa ẹ̀tù. TNT kan ń jẹ ẹ̀tù 5 àti yanrìn 4. Tí ó bá lo 60, ẹ̀tù 300 nìyẹn, kì í ṣe ohun téèyàn ń rí he lójú ọ̀nà. Ẹ tẹ /co inspect, kí ẹ wá tẹ àpótí ẹ̀tù àwọn Ìlọrin. Á sọ ẹni tó kó o, iye tó kó, àti ìgbà tó kó o.

Fún àtúnṣe (rollback), kí ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe máa rí:

/co rollback u:#tnt t:10d r:80 #preview

Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ tẹ /co apply. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: ẹni tó bá ti ṣa ojú irin tó fọ́n ká nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì máa wà, rollback á sì tún fi òmíràn sí ojú àyè rẹ̀. Á di ìlọ́po. Torí náà kí wọ́n kó o jọ sínú àpótí kan ṣáájú.

---

Ọmọ Ọlọ́fà Kan:

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ Ọ̀fà, mi ò ní fi pamọ́. Inú ń bí wa, ó sì yẹ kó bí wa. Nígbà tí wọ́n mọ mọ́ṣáláṣí wọn, àwa la gbé òkúta quartz lọ bá wọn nígbà tó tán lọ́wọ́ wọn. Ṣé bó ṣe yẹ kí wọ́n san án nìyẹn?

Lórí àtúnṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi obsidian, òkúta dúdú líle, tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ mọ kí TNT má baà ràn án mọ́. Tí ẹ bá dá a padà, ṣé obsidian wa ò ní ṣòfò? Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ fún wa.

Ẹni tó mẹ́nu ba Jálumi, kì í ṣe gbogbo wa ló rán an. Ọmọdé ni.

---

Alátùn-únṣe Gáà Akanbí:

Àbúrò, bẹ́ẹ̀ ni, ibi tí obsidian bá bọ́ sí ipò búlọ́ọ̀kù àtijọ́, rollback á gbé ti àtijọ́ lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ fi dígà dáyámọ́ńdì wa á kúrò. Ó ń pẹ́, nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lórí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ó yá ju kí ẹ tún ojú irin wa láti inú ilẹ̀ lọ.

---

Bàbá Pàkátà:

Àsàlámú àlékúmù. Ọmọ mi ọkùnrin wà nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n ní kí wọ́n lé. Mi ò wá gbè é. Tó bá ṣe é, kí ẹ lé e, èmi fúnra mi á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnu ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ẹ pè wọ́n jọ kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn, ẹ gbé ìwé ẹ̀rí yín síwájú gbogbo wọn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ogun yẹn. Jálumi kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe eèébú. Ìbàdàn ló kojú àwọn Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nítòsí Ìkìrun. Èèyàn tó ní ìyá àti ọmọ nílé ló bómi lọ. Ebi tó pa àwọn ará Ọ̀fà nígbà tí ogun dó tì wọ́n, èèyàn náà ló pa. Ilé ọkọ àkọ́bí mi, Ọ̀fà ni. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń jẹ́ méjèèjì. Tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ń jà lórí búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n jà lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ pàṣẹ pé ẹni tó bá tún mú ogun baba ńlá ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, kó gba ìta lọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tèmi.

---

Ìgbómìnà Òmù-Àrán:

Mo kí gbogbo ilé. Àwa díẹ̀ tó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìhà gúúsù ayé yẹn la wà, a ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ère Ẹ̀sìẹ́ là ń tò, àwọn ère òkúta tó wà ní mùsíọ́mù tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà. Ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún lójú ayé, a ò tíì to ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Nígbà tí ìdíkọ̀ yẹn bú, ẹ̀rù bà wá, torí kò sí ohun tó dáàbò bo tiwa náà.

Àǹtí, ẹ fi GriefPrevention kún un. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀ á mú ṣọ́bìrì wúrà, á fi tẹ igun kan àti igun kejì tó dojú kọ ọ́. TNT kì í ran ibi tí wọ́n bá fi ààlà sí bẹ́ẹ̀, àlejò ò sì lè ṣí àpótí ibẹ̀. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ kó wọlé, ẹ tẹ /trust, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Èkejì, ẹ fún wọn ní ibi tí wọ́n á ti jà. Gbàgede ìjàkadì ti wà nílẹ̀ ná! Lálaalẹ́ Sátidé, kí àwọn tó bá fẹ́ jà wọ ibẹ̀, kí wọ́n fi ẹrù wọn sínú àpótí ender, tí ẹlòmíì ò lè rí ohun tó wà nínú ti wọn. Ẹni tó bá ṣubú ṣubú, kò sí ẹni tó máa fọ́ ilé.

---

Àǹtí Òkè-Odó:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti tọpa bí Alátùn-únṣe ṣe sọ, orúkọ sì jáde.

Àmì ìdánudúró wà níwájú rẹ̀, fóònù ló fi wọlé. Kò sí nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ Ọ̀fà ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, ẹ má bi mí. Inú àpótí Ìlọrin ló ti kó ẹ̀tù ní ọjọ́ tó ṣáájú, ó dé ibẹ̀ tààrà láìṣìnà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi àwọn Ìlọrin pé ta ló júwe ibi tí àpótí wà fún un, torí abẹ́ odò ló wà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ pé òun ni. Ó ní ọmọ náà bá òun wí pé òun fẹ́ bọ́ sí ẹgbẹ́ wọn, òun wá ní kó kọ́kọ́ ṣe ohun tí àwọn á fi mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn.

Mo pe ọmọ náà lórí fóònù, mo gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ilé olódi ló fẹ́ kí àwọn Ọ̀fà mọ, wọ́n dìbò, ìdíkọ̀ ló wọlé, ó sì dùn ún pé àbá ọmọ JSS 2 borí tòun. Ó sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò sì yí ìdájọ́ padà.

Òun àti ẹni tó júwe àpótí fún un ò ní wọlé títí oṣù yìí fi máa parí. Àwọn méjì tó sọ̀rọ̀ ogun lórí WhatsApp ti bẹ ara wọn níwájú gbogbo wa. Bàbá, àṣẹ tí ẹ ní kí n pa ti dúró. GriefPrevention ti wọlé láàárọ̀ yìí.

---

Ọmọ Ọlọ́fà Kan:

Àǹtí, ó dùn mí pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Mo ti bẹ àwọn mẹ́rin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó oṣù yìí ti wọlé sí àkáǹtì yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe rollback náà?

---

Àǹtí Òkè-Odó:

Mo ti rí owó, ẹ ṣeun. Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ìṣáà. Kí obsidian ti kúrò nílẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Mo ti gbé àpótí ńlá kan sẹ́nu ibodè Ìlọrin, ẹni tó bá ní ojú irin tàbí bíríkì ìdíkọ̀ yẹn lọ́wọ́, kó jù ú síbẹ̀. Mo ti bá ìyá ọmọ JSS 2 náà sọ̀rọ̀, ó ní òun á fún un ní fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun ni mo fẹ́ kó wà lórí server nígbà tí mo bá tẹ /co apply.