Ikàn mi ti so o!

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n wá parí ọ̀rọ̀ ikàn tí mo ní mo gbìn tí kò hù fún ọ̀sẹ̀ 3. Nígbà tí mo béèrè ìdí ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹni tó ní bóyá èso tí ò tíì gbó ni mo yọ kóró ẹ̀ ló gbà á o, torí funfun báláú ni mo rà á lọ́jà Ìgbòná. Mo wá rí èyí tó ti pọ́n yẹ́lò, mo fọ kóró ẹ̀, mo sá a síbi òjìji, mo gbìn ín sínú ike bọ́tà, ọjọ́ 9 péré ló yọrí! Kòkòrò fẹ́ ṣe wàhálà, eérú ni mo ń bù lé e. Àná ni mo já 6, màámi ti fi se ọbẹ̀ jẹ iṣu kí n tó ya fọ́tò, ẹ má bínú. Ẹ ṣé gan-an.